Ẹ̀rọ Tó Ń Ké Lọ́wọ́ Bàbá

Hull, ìlú Òyìnbó
9 Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùn. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, ẹ kú àtijọ́, ẹ kú àìrójú ẹni. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Ṣé ẹ̀yìn tó máa ń dùn yín ti ń fara mọ́ yín?

Bàbá, láti ọdún Iléyá ni mo ti ń pè yín. Mo ka iye rẹ̀, ó di ìgbà mẹ́rìnlélógún. Fóònù á dún, á dún, á tún dún, kò sẹ́ni tó máa gbé e. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ gbé e, "Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ó dáa" lẹ sọ, ẹ sì pa á. Bẹ́ẹ̀ mo ṣì ń sọ fún yín lọ́wọ́ pé ara mi ò yá! Ẹni tó ní ara òun ò yá lẹ sọ fún pé ó dáa?

Mo mọ ohun tó fà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta, kó má baà pa mí. Fídáù Màámi ni. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ogójì ọjọ́ wọn, gbogbo ọmọ ló jókòó, àfi èmi. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba níbí nígbà yẹn, bí mo bá fi jáde, mi ò ní lè padà wọlé. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún yín lórí fóònù, ẹ ní "ẹ ṣé." Láti ìgbà náà, ọdún kan àti ààbọ̀ rèé, mi ò gbọ́ ohùn yín kọjá gbólóhùn méjì. Bí ẹ bá ń bínú, Bàbá, ẹ bú mi. Ẹ pè mí lọ́mọ burúkú. Ó sàn fún mi ju kí fóònù máa dún lásán lọ.

Boaz tó ní ilé kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín ló ní kí n fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí òun, pé òun á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, òun á gbé e wá bá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ yín,
Raheemat


Ìkirè
Ọjọ́ Jímọ̀, 27 Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Raheemat, Àwẹ̀ró,

Àlékùmù sàlámù. Lẹ́tà rẹ dé. Boaz gbé e wá bí ẹni tó gbé ìwé ẹjọ́ dání. Ara mi le, oúnjẹ ń lọ, ẹ̀yìn sì wà níbi tí o fi í sí.

Ní ti fóònù, mi ò ráyè fóònù. Lẹ́tà ló dáa. Ẹni tó kọ ọ́ á ti rò ó kó tó kọ ọ́, ẹni tó ń kà á á lè tún un kà. Máa kọ̀wé, màá máa fún ẹ lésì, Boaz á máa yà á ránṣẹ́ bí mo bá ti kírun Jímọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ fídáù, fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ rèé. Ṣé o rántí Olúmidé, olùkọ́ tó máa ń gbé rédíò wá tún ṣe lọ́dọ̀ mi? Nígbà tó ń kó lọ sí Àbújá, ó fi bàálù kékeré kan ta mí lọ́rẹ. Má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ohun ìṣeré. Apá rẹ̀ gùn tó ọwọ́ mi méjèèjì bí mo bá nà wọ́n, bátìrì ló fi ń fò, ó sì ń lọ sókè débi tí ẹyẹ lékeléke á fi yà fún un. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, òun ni mo fi ń pa ìrọ̀lẹ́ rẹ́. Mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí pápá kan lẹ́bàá ọ̀nà Àpòmù, màá gbé e fò, ara á sì tù mí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé rédíò rẹ̀ ti kú. Mo ti tú u tán, kò lóògùn. Ìlú Òyìnbó lo wà, wá èyí tó ṣe é fọkàn tán fún mi. Fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ẹ̀rọ méjì ni. Ọ̀kan ń gbé ọwọ́ ẹni tó ń wa bàálù, òun ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń ki mójúlù bọ̀ ọ́, mójúlù yẹn gan-an lọ̀fun tó fi ń sọ̀rọ̀. Èkejì ni risífà, inú bàálù ló ń gbé, òun ló ń gbọ́. Má lọ ra mójúlù níbì kan kí o lọ ra risífà níbòmíì nítorí pé wọ́n ní ó pọ́ọ́kú. Ẹni tó ń sọ Tápà àti ẹni tó gbọ́ Ègùn nìkan, ibo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé? Kí risífà ní áńtẹ́nà méjì, kó jẹ́ pé bí bàálù bá yí ẹ̀yìn ọ̀kan sí mi, èkejì á ṣì máa gbọ́. Kí o wá bi wọ́n pé bí risífà ò bá gbọ́ mi mọ́, kí ló máa ṣe? Bí wọ́n bá ní bàálù á ṣáà máa lọ bó ṣe ń lọ, jáde ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ojúlówó á pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, á rọra sọ̀kalẹ̀. Àwọn tí kò dáa ló máa ń díbọ́n pé àwọn ń gbọ́. Ogójì ọdún ni mo fi tún rédíò ṣe, mi ò tíì rí ohun tó léwu tó ẹ̀rọ tó ń díbọ́n.

Má sì ra èyí tó ń tan iná pupa, iná búlúù kiri. A ò fẹ́ fi ṣọdún.

Bàbá rẹ,
Gàrúbà


Hull
19 Oṣù Kẹwàá, 2024

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékùn. Ẹ kú òjò àrọ̀kúrò.

Mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún yín ní ojú ewé kan gbáko, ẹ fi áńtẹ́nà dá mi lóhùn. "Fi ìyẹn sílẹ̀." Bàbá, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi í sílẹ̀? Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ bí mi. Bó bá jẹ́ rédíò bàálù lẹ fẹ́ kí n fi bẹ̀ yín, màá fi bẹ̀ yín.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá Òyìnbó kan tí kò ta nǹkan míì ju bàálù kéékèèké lọ. Mo ka lẹ́tà yín sí i létí, mò ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀rọ tó ń díbọ́n, ó fọwọ́ gbá tábìlì, ó ní, "Ta ni bàbá rẹ?" Ó ní kí n kí yín. Ó kó ẹ̀rọ ọwọ́, mójúlù àti risífà jáde láti orí pákó kan náà, ó ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Ó ní kí n gbé risífà dání kí n jáde sí ìta nínú òjò, kí n máa lọ, kí n má wẹ̀yìn. Mo lọ, mo lọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì, ìrù bàálù tó so mọ́ ọn ṣì ń jù fìrì fìrì bó ṣe ń pàṣẹ fún un láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Mo rin gbingbin, mo ń gbọ̀n, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Bí risífà ò bá gbọ́ mọ́, á pa ẹ́ńjìnnì. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tó tún dáa jù ni pé ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ máa ń kìlọ̀. Bí bàálù bá fẹ́ lọ sí ibi tí risífà ò ti ní gbọ́ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, pí-pí-pí! Ó ní ẹni tó bá ń gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn, bàálù rẹ̀ ò lè sọ nù.

Ṣàmsúdéènì ọmọ Gbọ̀ngán tí a jọ wà níbí ń bọ̀ wálé wá gbéyàwó, òun ni mo fi ẹrù náà rán. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà padà. Bó bá dé, ẹ pè mí. Ìṣẹ́jú kan péré.

Raheemat


Ìkirè
Ọjọ́ Jímọ̀, 15 Oṣù Kọkànlá, 2024

Raheemat, Àwẹ̀ró, ọmọ tó gbọ́ràn,

Ẹrù dé! Ṣàmsúdéènì gbé e wá fúnra rẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí ìwọ náà rí ẹni jẹ́ṣẹ́ fún ẹ. Mo tú u, mo wo inú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Kí o kí bàbá Òyìnbó yẹn. Sọ fún un pé ẹni tó mọṣẹ́ ni.

Rùfáì, ọkọ àbúrò mi Àṣíáwù, ló bá mi gbé bàálù dání lábẹ́ igi, mo wá ń rìn lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́ bí ìwọ náà ṣe ṣe. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀nà oko, ó ṣì ń gbọ́. Ni mo bá gbé e fò. Mo gbé e gba orí ibi tí Àṣíáwù ti ń dín dòdò lẹ́bàá títì, kó lè rí ohun tí ọmọ rà fún mi. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sọ ìkòkò dòdò nù, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo rí i pé èpè ló ń ṣẹ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó mọ́ ọn lára.

Pípè tí o ní kí n pè ẹ́, lẹ́tà yìí náà ni.

Bàbá rẹ


Hull
8 Oṣù Kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékùn.

Mi ò sọ fún yín pé mo rán àgbà sí yín. Mo pe Àǹtí Àṣíáwù, mo sunkún fún wọn lórí fóònù. Àwọn ni wọ́n kó Bàbá Rùfáì àti àgbà ẹbí mẹ́ta láti Àpòmù wá bá yín ní Ìkirè, láti bá mi tọrọ àforíjì. Wọ́n ti pè mí, wọ́n ti ròyìn. Wọ́n ní Àǹtí Àṣíáwù wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé ń bọ́ lójú wọn, ẹ sì dìde, ẹ fọwọ́ sọ àyà, ẹ ní, "Láéláé! Ẹ̀mí mi ló máa gbà! Kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ ọ́ mọ́!"

Ó yé mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Bàbá, ọwọ́ ọ̀tún dà?

Mi ò ní pè yín mọ́, kí n má máa yọ yín lẹ́nu. Bí bàálù bá nílò nǹkan, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, màá rà á.

Raheemat


Ìkirè
Ọjọ́ Jímọ̀, 24 Oṣù Kìíní, 2025

Raheemat, Àwẹ̀ró, ọmọ Sàlámọ̀tù,

Àsàlámù àlékùn. Má bínú. Èmi bàbá rẹ ni mo ní kí o má bínú. Ó ti lé lọ́sẹ̀ márùn-ún tí lẹ́tà rẹ ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ èsì, tí mo fà á ya. Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó fa eléyìí náà ya: etí mi ti di.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà. Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀. Nígbà tí o bá pè nígbà ayé rẹ̀, òun ló ń gbọ́ ẹ, á kọjú sí mi, á tún un sọ, èmi á wo ẹnu rẹ̀, màá sì dáhùn. Èmi lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀, àṣé ìyá rẹ ni risífà mi. Ọjọ́ tó lọ ni fóònù kú sí mi lọ́wọ́. Gbogbo àlàyé tí o ṣe nípa fídáù, mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Bó o bá ní ilé ń jó, "ẹ ṣé" náà ni mi ò bá sọ.

Kí ló dé tí mi ò sọ? Raheemat, alátùnṣe rédíò tí kò gbọ́ rédíò! Ojú ni mo fi ń tún un ṣe báyìí, mo ń fi mítà wọn iná ara rẹ̀, mo ń gbé ọwọ́ lé sípíkà bóyá ó ń mì. Bí oníbàárà bá sọ̀rọ̀, mo máa ń mi orí. Mo pe ẹ̀rọ ní olùdíbọ́n nínú lẹ́tà, àṣé ara mi ni mò ń bá wí.

Ní ti àwọn àgbà tó wá, wò ó, èèyàn márùn-ún ló ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lójú mi. Bó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, tó kọjú sí mi, mo lè wo ẹnu rẹ̀. Èèyàn márùn-ún kẹ̀? Mo rí Àṣíáwù tó ń sunkún, tó ń na ọwọ́ sókè, mo ní, "Hàà! Nítorí ìkòkò dòdò náà ni wọ́n ṣe kó ẹbí wá!" Mo rò pé wọ́n ní kí n má gbé bàálù mi fò mọ́ ni. Òun ni mo ní ẹ̀mí mi ló máa gbà. Bàálù, Raheemat! Ìgbà tí mo ka lẹ́tà rẹ ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Kí n kọ ọmọ mi? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Mi ò bínú sí ẹ rí fún ìṣẹ́jú kan. Ìyá rẹ fúnra rẹ̀, lórí ibùsùn àìsàn, ló sọ fún mi pé, "Bí nǹkan bá ṣe mí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn sọ ìwé rẹ̀ nù nítorí mi." Mo gbà fún un. Mo rò pé o mọ̀ ni.

Ìtìjú ò bá má jẹ́ kí n kọ èyí títí ayé, bí kì í bá ṣe ti ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Mo gbé bàálù fò, ojú mi wà lókè, inú mi dùn. Ṣàdédé ni Rùfáì sáré wá, ó fà mí lápá aṣọ, ó ń nàka sí ẹ̀rọ tí mo mú dání. Mo wo ẹnu rẹ̀: "Ó ń ké! Ó ń ké!" Àwọn èèyàn tó wà lójú títì ti yíjú sí wa, àwọn náà ń gbọ́ ọ. Èmi tí mo mú un lọ́wọ́, mi ò gbọ́. Bàálù ti kọjá igi kòkó, kò gbọ́ àṣẹ mọ́. Àwọn obìnrin sì wà lábẹ́ àwọn igi yẹn, wọ́n ń fọ́ kòkó.

Ṣùgbọ́n risífà tí o rà kì í ṣe olùdíbọ́n. Nígbà tí kò gbọ́ mi mọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó rọra sọ̀kalẹ̀, ó sùn sórí igi kòkó kan. Kò ba ẹnikẹ́ni, apá ọ̀tún bàálù nìkan ló ya. Alhamdulillah. Bó bá jẹ́ ti olówó pọ́ọ́kú ni, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ báyìí. Mo jókòó sílẹ̀ sórí koríko, mo sunkún bí ọmọdé, mo sì sọ fún Rùfáì pé etí mi ti di. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Àṣíáwù gbé dòdò wá fún mi, ó jókòó níwájú mi, ó ń la ẹnu gbàgà kí n lè rí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wá ṣẹ́ èpè dòdò yẹn lójú mi lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n lè mọ ohun tí mo pàdánù.

Ọwọ́ ọ̀tún rèé, ọmọ mi. Mo fi kọ lẹ́tà yìí.

Gàrúbà, bàbá rẹ


Hull
1 Oṣù Kejì, 2025

Bàbá mi, olówó orí Màámi,

Alhamdulillah! Alhamdulillahi rọbili alamina! Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á. Mo kígbe, Òyìnbó tó jókòó tì mí bẹ́ sọ́nà. Etí yín di, ẹ ò bínú sí mi! Ta ló gbọ́ ọ rí, pé etí bàbá ẹni di, ọmọ sì ń jó? Mo jó o. Mo jó nínú yàrá mi títí ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ fi ń gbá àjà rẹ̀.

Nísinsìnyí tí mo jó tán, ẹ jẹ́ kí n bínú. Ọdún mẹ́fà, Bàbá! Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí? Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sórí bébà fún àwọn tí etí wọn wúwo, èmi ni mò ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n kọjú sí wọn, kí wọ́n má pariwo. Mo ń gbọ́ ti bàbá oníbàbá, mi ò gbọ́ ti bàbá mi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́. Bí ojú bá ń ti yín, kó máa tì yín lọ́dọ̀ oníbàárà, kì í ṣe lọ́dọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ tí Màámi sọ yẹn, mo ti dà á kọ sí ẹ̀yìn àpò tí ìwé ìgbélùú mi wà.

Mo padà lọ bá bàbá oníṣọ́ọ̀bù. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ nígbà tí mo ròyìn fún un, ó yọ nǹkan kékeré kan kúrò nínú etí tirẹ̀, ó fi hàn mí. Òun náà kò gbọ́! Ó gbé ẹ̀rọ ọwọ́ míì jáde. Eléyìí kì í ké o. Ó ń gbọ̀n. Bí bàálù bá fẹ́ jìnnà jù, á gbọ̀n rìrì lọ́wọ́ yín. Ó ní kí ẹ yọ mójúlù ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ kì í bọ ẹ̀yìn tuntun. Ọ̀fun yẹn náà ni risífà yín mọ̀, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tún fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà bíi ti àkọ́kọ́ kí ẹ tó gbé e fò.

Ẹ̀rọ wà lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, kí Bàbá Rùfáì mú yín lọ rí dókítà etí ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni, bí ẹ bá ti kọjá Aṣéjìrẹ́ ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Ọmọ yín tí ẹ ò kọ̀,
Raheemat


Ìkirè
Ọjọ́ Jímọ̀, 21 Oṣù Kejì, 2025

Raheemat, Àwẹ̀ró mi,

Àlékùmù sàlámù. Dókítà ti wo etí. Ó ní òsì ti lọ, pé ó kù díẹ̀ nínú ọ̀tún, pé òun á wá nǹkan kékeré bíi ti bàbá Òyìnbó yẹn sí i. Ó ní kí n má retí pé á rí bíi ti àtijọ́. Mo ní mi ò retí ti àtijọ́, mo kàn fẹ́ gbọ́ bí Àṣíáwù ṣe ń ṣépè.

Ẹ̀rọ tuntun dé lọ́jọ́ Ajé. Mo lẹ apá bàálù pọ̀, mo ki mójúlù bọ ibi tuntun, mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà. Lánàá, a lọ sí pápá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó lọ jìnnà, sí ọ̀nà ibi tí kò séèyàn. Ó lọ, ó lọ, ó di bíńtín. Ni ẹ̀rọ bá gbọ̀n lọ́wọ́ mi! Rùfáì ò gbọ́ nǹkan kan, àwọn ará títì ò gbọ́ nǹkan kan. Èmi nìkan ló mọ̀. Mo yí bàálù padà, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó bà sílẹ̀ níwájú bàtà mi. Mo pariwo débi pé Àṣíáwù di ìkòkò dòdò rẹ̀ mú.

Bí mo ṣe délé, mo bi Boaz bóyá fóònù kékeré mi náà lè gbọ̀n. Ó wò mí, ó ní ó ti ń gbọ̀n tipẹ́, pé orí tábìlì ni mò ń gbé e sí. Mẹ́rìnlélógún lo pè, Raheemat. Mẹ́rìnlélógún ló gbọ̀n fún tábìlì.

Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́jọ. Ìyá rẹ ló máa ń jí mi fún sààrì. Nínú ààwẹ̀ méjì tó kọjá, kò sẹ́ni tó jí mi, mi ò sì gbọ́ ìpè mọ́sálásí. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo gbààwẹ̀ láìjẹ sààrì. Ti ọdún yìí, inú àpò àyà jálámíà mi ni fóònù á máa sùn. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ilé wa, ìwọ náà á ti dìde fún sààrì tìrẹ. Pè mí. Mi ò ní gbé e. Ìwọ ṣáà máa pè, jẹ́ kó gbọ̀n dáadáa, màá mọ̀ pé ọmọ mi ti jí.

Bàbá rẹ,
Gàrúbà